Fóònù Tí Kò Létí

Iṣẹ́ etí ni obìnrin yìí ń ṣe. Bí àwọn kan ti ń fi ọwọ́ ránṣọ, tí àwọn kan ń fi ohùn kọrin, etí lòun fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ tirẹ̀. Àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù nílé ló máa ń pe nọ́ńbà tó ń dáhùn, òun a sì bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi rí ọ̀nà àbáyọ. Kì í bi wọ́n lórúkọ, kì í sì í sọ tirẹ̀. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan àwọn tó tó bí i lọ́mọ.

Inú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣínnì ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín tábìlì tí wọ́n fi ń lọṣọ àti àpótí tí wọ́n kó ìwé àwọn ọmọ sí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹni tó bá pè ni pé, "Èmi nìkan ni mò ń gbọ́ yín." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ní íápíìsì oníwáyà kan tó ti ń lò láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wáyà rẹ̀ ti bó lọ́rùn, ó sì ti fi téèpù wé e bí ẹni tó di egbò. Bó bá ti ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò fóònù, tí ó dún "kẹ́", ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Ó mọ̀ pé inú wáyà yẹn ni ohùn ń gbà wọlé, kò sì sí ibòmíràn tó lè yà sí.

Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ní kí gbogbo wọn wá gba fóònù tuntun, nítorí àwọn ti àtijọ́ ti ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Fóònù tuntun náà rí pẹlẹbẹ, ó ń dán bíi dígí. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ihò íápíìsì ńkọ́?"

Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ wọn rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń ṣe é ti dí i pa, Àǹtí. Wọn ò ṣe oníhò mọ́. Èyí tí kò ní wáyà lẹ máa lò." Ó na páálí funfun kékeré kan sí i. Nǹkan méjì wà nínú rẹ̀ tó dà bí eyín ọmọdé.

"Kí ni ihò ṣe fún wọn tí wọ́n fi dí i?"

"Wọ́n ní ó ń gbàyè. Wọ́n ní omi ń gba ibẹ̀ wọlé." Ó gbọn èjìká. "Wáyà kékeré kan wà tí a lè fi so íápíìsì yín mọ́ ibi tí ẹ ti ń ṣáàjì. A ti béèrè fún un. Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ọ̀nà ló ṣì wà nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, fọwọ́ tọ́ fóònù náà yí ká. "Ẹ̀n-ẹ́n," ni màmá wí, "fóònù tí kò létí! Báwo ni yóò ṣe gbọ́ràn?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọkọ rẹ̀ ra sípíkà kékeré kan wálé fún ìyá, irú èyí tí kò ní wáyà, kí màmá lè máa fi gbọ́ orin. Fóònù tó bá nítòsí ló fi dán an wò, ti ibi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì ni. Orin dún, màmá jó díẹ̀ lórí àga, ọkọ pa orin, ó sì kó àwọn ọmọ lọ sí pápá ìṣeré. Iná búlúù tíńtín kan ṣì ń tàn lára sípíkà. Kò sẹ́ni tó rántí pé òun àti fóònù ti di ojúlùmọ̀.

Lọ́sàn-án, ìyá onílé gòkè wá. Màmá Géètì ni àwọn ayálégbé ń pè é lẹ́yìn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń ti géètì, òun ló ń ṣí i, a sì máa bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé báǹkì ló ń ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi ló bá wá, ṣùgbọ́n ó jókòó ti màmá ní pálọ̀, ọ̀rọ̀ sì ń bí ọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, àti pé ọmọ náà ti bá ọkùnrin kan lọ tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́. Lọ́jọ́ tó ń kẹ́rù jáde, ìyá ní kó má padà wá mọ́. Àwọn tó kó wọ ilé náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, bíi ti obìnrin wa yìí, kò mọ ọmọ náà sójú, wọn kò sì jẹ́ dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀.

Obìnrin náà kí ìyá onílé, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi nǹkan méjèèjì sétí. Ìpè wọlé.

Èémí ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Èmi nìkan ni mò ń gbọ́ yín," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má kánjú."

"Ó wà lẹ́nu ọ̀nà." Ohùn ọmọbìnrin ni, ó sì kéré bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. "Mo ti ara mi mọ́ yàrá tá à ń kẹ́rù sí. Ó ń fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn."

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ṣé ó ti ṣe ọ́ léṣe?"

"Ọwọ́ mi. Mi ò lè ká a mọ́."

"Sọ ibi tó o wà fún mi, kí n rán ọlọ́pàá sí ọ."

"Rárá, Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Wọ́n ti wá rí. Ó bá wọn ṣàwàdà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ. Ohun tójú mi rí lẹ́yìn tí wọ́n lọ..." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́."

"Ó dáa. Mi ò ní lọ. Ṣó o ní ẹbí nítòsí?"

"Mo ní ìyá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí n má padà wá. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní, 'Ṣebí mo wí bẹ́ẹ̀.'"

Nǹkan kan dún "tín-ín" nínú etí obìnrin náà, bíi ti ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ fẹ́ tán. Kò kà á sí. Ó tún dún. Lẹ́yìn ìyẹn, etí rẹ̀ méjèèjì pa lọ́lọ́.

"Àbúrò mi? Ṣé o wà níbẹ̀?"

Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Bó ò bá lè sọ̀rọ̀, fi èékánná ha fóònù, kí n mọ̀ pé o ń gbọ́ mi."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Ó wo ojú fóònù, ó rí i pé ìpè náà kò tíì já. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn ọmọbìnrin yẹn, kì í ṣe létí rẹ̀, bí kò ṣe láti ẹ̀yìn ògiri, tó ń dún ketekete bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn:

"Àǹtí, ó ti lọ gbé irin wá. Ó fẹ́ fi já ilẹ̀kùn."

Pálọ̀ ni.

Ó fò dìde, ó fi orúnkún gbá tábìlì, kò dúró wò ó. Nígbà tó dé pálọ̀, ìyá rẹ̀ na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń táràrà wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Màmá Géètì ti dìde. Sípíkà ló tẹjú mọ́, ó ti la ẹnu.

"Ọm—"

Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ní ọjọ́ mìíràn, ayálégbé tó bá dán irú ìyẹn wò, kó yáa máa di ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igbe yẹn bá jáde, yóò gba inú sípíkà bọ́ sínú fóònù ọmọbìnrin náà, ọkùnrin onírin yóò sì mọ̀ pé ìyàwó òun ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ kejì wá ibi tí yóò tẹ̀. Ìka rẹ̀ ń yọ̀ lójú dígí. Ó tẹ ibì kan, kò jẹ́. Ó tẹ ibòmíràn. Sípíkà dákẹ́. Ó gbé fóònù mọ́ etí.

"Ta nìyẹn?" ni ọmọbìnrin náà ń wí. "Àǹtí, mo gbọ́ ohùn ẹnì kan. Ta nìyẹn?"

Màmá Géètì rọra ká ọwọ́ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò pariwo. Omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. "Ọmọ mi ni," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo mọ ilé yẹn. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin yẹn ò jẹ́ kí n wọlé. Jẹ́ kí n pe ọlọ́pàá."

Irọ́ ló kọ́kọ́ wá sí obìnrin náà lẹ́nu. Ó lè ní tẹlifíṣọ̀n ló ń dún. Ó lè mi orí sí ìyá onílé, kí ọlọ́pàá sì máa lọ láìjẹ́ pé ọmọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ní rárá, ó sì ti sọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá tún wá rẹ́rìn-ín tí wọ́n lọ ńkọ́?

"Àbúrò mi," ó wí, "mo ti ṣẹ̀ ọ́. Ẹ̀rọ yìí gbé ohùn rẹ lọ síbi tí kò yẹ. Ìyá rẹ wà níwájú mi. Wọ́n ti gbọ́ ọ."

Láti inú fóònù, irin bá pákó.

"Ẹ ní ẹ̀yin nìkan ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, kò sì rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n mọ ilé rẹ. Wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀."

Irin tún bá pákó. Pákó ké.

"Kí ni màmá mi sọ?"

Obìnrin náà wo ojú ìyá onílé. "Wọn ò sọ ohun tó o rò. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ni.'"

Ẹkún kan bẹ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó sì gbé e mì. "Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Kí wọ́n má dúró lẹ́nu ọ̀nà o. Kí wọ́n wọlé."

Obìnrin náà mi orí, ó yára sọ ọ̀rọ̀ yàrá ẹrù, ti ọwọ́ àti ti àwàdà ẹnu ọ̀nà fún ìyá onílé, fóònù Màmá Géètì sì ti wà létí rẹ̀. Ohùn tó fi ń bá ayálégbé jà nítorí ìdọ̀tí ló fi bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀: òpópónà báyìí, ilé alájà kan tó kángun sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ilẹ̀kùn dúdú. "Ẹ má dúró bá a ṣàwàdà! Yàrá ẹrù lọmọ mi wà, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá padà láì fojú kàn án, èmi pẹ̀lú yín ni, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́!" Ó ń sọ ọ́, ó ń bọ́ sílẹ̀ nínú àtẹ̀gùn. Kò sì ti géètì nígbà tó jáde.

"Mo wà níbí," ni obìnrin náà ń wí sínú fóònù. "Ṣé nǹkan wà tó o lè tì mọ́ ilẹ̀kùn?"

"Mo ti ti fíríìjì àtijọ́ kan mọ́ ọn. Ó ń sún, Àǹtí. Ó ń sún."

"Fi ẹ̀yìn tì í. Gbé ẹsẹ̀ lé ògiri. Má lo ọwọ́ yẹn."

"Ó ń pe orúkọ mi."

"Má dá a lóhùn. Èmi ni kó o máa gbọ́."

Nǹkan ya gbàràgàdà. Ọmọbìnrin náà ké, ìpè sì já.

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé a kì í pe ẹnikẹ́ni padà, kí fóònù má baà dún níbi tí yóò ti pa ẹni tó ni ín lára. Nítorí náà, kò sí ohun tó kù fún un ju kó dúró lọ. Ó lọ sójú fèrèsé, ó padà. Ó tún lọ.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mi ò lè jókòó, màmá."

Màmá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé nǹkan yẹn ṣì ń gbọ́ wa?"

Ó gbé sípíkà náà, ó tẹ̀ ẹ́ títí iná rẹ̀ fi kú, ó sì tún gbé e lọ sínú kíṣínnì, ó pa ilẹ̀kùn dé e.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí fóònù màmá tó dún. Ìyá onílé ni. Ọ̀rọ̀ kò jọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nítorí ẹkún, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì: "Ó wà lọ́wọ́ mi. Ó wà lọ́wọ́ mi." Nígbà tó fi dé ilé náà, àwọn ọlọ́pàá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ sì ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀. Màmá Géètì kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó ń wọ ilé ara rẹ̀, ọlọ́pàá kan sì tẹ̀ lé e wọlé. Ilẹ̀kùn yàrá ẹrù ti là sí méjì. Ọmọ náà wà lẹ́yìn fíríìjì, ó wà láàyè. Àwàdà tán níbẹ̀. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ mú ọkùnrin náà lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi í, obìnrin náà lọ ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò fi ohunkóhun pa mọ́.

"Mo dúpẹ́ pé ọmọ yẹn yè," ni ọ̀gá wí. Obìnrin ni òun náà, ó sì ti dáhùn ìpè fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ọ̀gá. "Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ló wá kí yín lọ́sàn-án yẹn ńkọ́? Ká ní òun ló jókòó ní pálọ̀ yín?"

Ìbéèrè yẹn kò ṣàjèjì sí obìnrin náà. Òun náà ló ti gbé e sùn, tó gbé e jí.

Wọ́n gba gbogbo fóònù tuntun padà títí wáyà fi dé. Wọ́n ní kí obìnrin náà ṣì jókòó sílé ná. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọmọbìnrin náà ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀ báyìí. Ó pẹ́ kí òun àti obìnrin náà tó pàdé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀, ó bá a tó jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n fi nǹkan funfun di ọwọ́ rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni obìnrin náà wí, bí a ti ń kí ẹni tó fara pa.

Ọmọbìnrin náà yíjú padà kíá. Kò mọ ojú náà. Ohùn ló mọ̀. "Ẹ̀yin ni."

"Èmi ni."

Wọ́n wo ara wọn.

"Màmá mi ní kí n wá dúpẹ́," ó wí nígbà tó yá. "Mo ti ń sún un síwájú. Mo dúpẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń rò ó pé ta ló tún gbọ́."

"Ìyá rẹ, ìyá mi, èmi. Kò sí ẹlòmíràn."

"Ṣé ẹ lè búra?"

"Mo lè búra."

Ó mi orí, àmọ́ ojú rẹ̀ kò tíì túká. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Okùn bàtà rẹ̀ kan ti tú, ó ń wọ́lẹ̀. Ó jọ pé òun ló ti ń bá jà níbẹ̀ láti ìgbà tó ti jókòó.

"Ẹ bá mi di í," ó wí. "Ọwọ́ kan ò ká a."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì di í.