Àpótí Sípíkà Mẹ́rin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kan àpótí náà. Pákó tó nípọn bí àtàǹpàkò ni mo lò. Mo fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo oríkèé rẹ̀, mo sì gé ihò mẹ́rin síwájú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀.

Etí Bàbá ló fà á. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń ta gìtá, ṣùgbọ́n láti èṣí ni wọ́n ti ń sọ pé ó dà bíi pé òwú dí àwọn létí. Wọn ò gbọ́ sípíkà kan ṣoṣo tí wọ́n ní mọ́, ni wọ́n bá gbé gìtá kọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn fìríìjì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbígbọ̀n rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ ra pákó: màá kan àpótí tó ga tó ẹ̀yìn Bàbá.

Ampilifáyà wọn, èyí tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti kú ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, wọn ò sì ṣe irú tóránsísítọ̀ tó wà nínú rẹ̀ mọ́ níbikíbi. Mo ti wá a títí. Mo yá òmíràn wá fún Bàbá nígbà kan kí etí wọn tó dí; wọ́n ní ohùn àjèjì ni, wọn ò fọwọ́ kan gìtá fún oṣù kan. Bí èyí bá jó, ó parí nìyẹn.

Olóògbé ti kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: óòmù mẹ́jọ, kò gbọdọ̀ dín. Óòmù ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dá iná lọ́nà tó. Mẹ́jọ ni sípíkà kọ̀ọ̀kan. So méjì tẹ̀ lé ara wọn, ó di mẹ́rìndínlógún. So méjì-méjì yẹn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó padà di mẹ́jọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á nínú ìwé ògbólógbòó kan, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó he nǹkan.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo so wáyà rẹ̀ tán ni ẹ̀gbọ́n mi dé, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ̀nàmọ́ná. Iṣẹ́ wáyà ilé ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní eléyìí?"

"Ìwé ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwé. Ilé wo lo ti rí i tí wọ́n so gílóòbù mọ́ ìdí ara wọn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà? Ọ̀kan kú, èkejì bá a lọ. Kálukú ló yẹ kó gba iná tiẹ̀."

"Gílóòbù kọ́ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Mo ti gbọ́, ẹnjiníà."

Mo jáde lọ ra sìkúrúù tí màá fi de ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí màá fi dé, ẹ̀yìn ti wà ní dídè.

"Mo ní sìkúrúù lápò," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo bá ẹ parí ẹ̀ ni."

Ó yẹ kí n tú u, kí n fi mítà wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n Bàbá ti jókòó, wọ́n ti fẹ̀yìn ti àpótí, gìtá ti wà lórí itan wọn.

Wọ́n ta á. Ife tó wà lórí pẹpẹ gbọ̀n, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bàbá dijú. Ohùn náà pọ̀ ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lọ, inú mi sì kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Níbo ni àlékún yẹn ti wá? Iná kì í ta ènìyàn lọ́rẹ.

Mo fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn ampilifáyà; ó gbóná janjan, mo sì yọ ọwọ́ kíá. Bí mo ṣe wolẹ̀ ni mo rí èèpo wáyà pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Búlúù nìkan ni mo lò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tún un so."

"Mo tún un ṣe ni. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń dún ni?"

"Ilẹ̀kùn mẹ́rin lẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Óòmù mẹ́jọ ti di méjì. Ampilifáyà yìí ò lè gbé iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo na àtàǹpàkò sórí sùìsì, ṣùgbọ́n Bàbá di ọwọ́ mi mú. Mo fi ọwọ́ wọn kan irin náà kí wọ́n lè mọ̀. Wọ́n mọ̀. Wọ́n wo irin, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò mí.

"Mo ń gbọ́ ìka mi," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n parí ẹsẹ kan."

Wọ́n padà sórí okùn. Mo fi àtàǹpàkò mi síbẹ̀, mo ń gbóòórùn nǹkan tó ń yọ́. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í há bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ife dákẹ́ lórí pẹpẹ.

Ìka Bàbá ṣì ń lọ lórí okùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá fi ẹ̀yìn wá pákó, bí ẹni tó ń wá ògiri nínú òkùnkùn.

"Kí ló dé tó o fi pa á, ọmọ mi? Ó ku díẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mo pa á, Bàbá."

Wọn ò gbọ́. Wọ́n ń wo àtàǹpàkò mi lórí sùìsì tí mi ò tíì tẹ̀.