Ọwọ́ Ọmọlangidi

Oníbàárà dá ọmọlangidi náà padà. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ìyá mi, ó ní ojú rẹ̀ jọ ti ọmọ òun gan-an, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti gbó jù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọmọ ọdún méje ni. Ẹ bá mi tún un ṣe. Màá padà wá lọ́la."

Ìyá mi kò kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Amọ̀, wáyà àti àkísà ló kọ́ ọ, kò sì ṣe méjì tó jọra rí. Bó bá fẹ́ mọ ọwọ́, á na ọwọ́ òsì tirẹ̀ sórí tábìlì, á máa wò ó, á sì fi ọ̀tún mọ irú rẹ̀ ní kékeré. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ń darúgbó níwájú rẹ̀, kò sì fura. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

"Ó ti rẹ̀ mí," ìyá mi wí. "Bó bá tún kọ̀ ọ́ lọ́la, mo pa iṣẹ́ yìí tì nìyẹn."

Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé ni, ẹsẹ̀ mi ti wú. Inú ń bí mi sí oníbàárà, ó ń bí mi sí ọmọlangidi pàápàá. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó pa á tì. Ọjọ́ tí ìyá mi kò bá rí ọmọlangidi mọ, èmi ló máa ń dojú kọ. Mo na ọwọ́ mi síwájú rẹ̀.

"Ẹ wo tèmi, Màámi, kí ẹ fi mọ tirẹ̀."

Ó fà á sún mọ́ fèrèsé. Ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ọṣẹ ti jẹ.

"Ìgbà wo lọwọ́ rẹ dà báyìí?"

"Iṣẹ́ ni, mà."

"Ó le ju tèmi lọ."

Kò tètè fi í sílẹ̀. Àánú àwa méjèèjì ṣe mí.

Kò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́. Ó di ọmọlangidi náà mú, ó rọra tẹ wáyà apá rẹ̀ méjèèjì lọ sẹ́yìn, ó sì ki àwọn ọwọ́ náà bọ abẹ́ ọ̀já aṣọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bí ọmọ òun ṣe máa ń dúró nìyẹn bó bá fi nǹkan pamọ́.

"Kí ló wá fi pamọ́ sẹ́yìn yìí, mà?"

Mo ti ki ọwọ́ tèmi bọ àpò kí n tó mọ̀. Ti ìyá mi wà lábẹ́ tábìlì.

"Iṣẹ́ ni," ó wí.