Wọ́n Bi Gání Párísì Léèrè Àkísà Rẹ̀

Ẹ jókòó, ẹ fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ ná. Ọrùn bùbá tí mo ní a ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé láàárọ̀ yìí, ó di ọjọ́ mìíràn. Àlá kan gbé mi lánàá, mo sì fẹ́ rò ó fún yín kó tó sá kúrò lórí mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Tí àkókò ẹ̀rín bá tó, èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ rín in.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ mí. Gàníyù Àjàní ni wọ́n sọ mí ní Ìsẹ́yìn, àmọ́ nígbà tí mo dé Ìbàdàn tí mo ṣí ilé ìkọ́ṣẹ́ yìí, "Gání Párísì" ni mo kọ sójú pátákó. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ìgbà tí mo lọ sí Párísì. Kútọnu ni ibi tó jìnnà jù tí mo dé láyé mi, òjò ló sì lé mi padà.

Nínú àlá náà, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù yìí, mo ń jẹ ẹ̀pà. Pátákó mi bá sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ń pè yín ní Yunifásítì Aṣọ. Wọ́n fẹ́ fi yín jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n."

Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí wọn."

Pé pátákó ń sọ̀rọ̀ kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń pè é lọ́wọ́ òfìfo. Mo kó gbogbo aṣọ tí mo fi ń yangàn jáde, mo sì wọ̀ wọ́n lé ara wọn. Mo wọ agbádá lé kóòtù, mo tún wọ kóòtù lé agbádá, títí mo fi rí roboto bí àpò òwú. Téèpù tó wà lọ́rùn mi figbe ta.

"Ọ̀gá, ẹ ti kọjá mi o! Mi ò yí yín ká mọ́."

"Máa gbìyànjú," ni mo wí. "Ibi gíga là ń lọ."

Òótọ́ sì ni, gíga ni. Yunifásítì náà wà lójú ọ̀run. Ilé alájà mẹ́ta ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó sì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan bá wà lórí ẹni tó ń rìn. Òwú ìránṣọ kan ló so kọ́ láti ojú fèrèsé rẹ̀ wá sílẹ̀. Mo di òwú náà mú, mo ń gùn ún lọ. Pẹ̀lú gbogbo ẹrù aṣọ tó wà lára mi, òwú ò já. Mo ní nínú ọkàn mi pé òwú gidi lèyí, n ó béèrè ọjà tí wọ́n ti rà á.

Alága kan ṣoṣo ni mo bá nínú ọ́fíìsì. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó de táì, ó fi awò sójú, irùngbọ̀n rẹ̀ rí ṣónṣó.

"Ìwọ ni Gání Párísì?"

"Èmi ni, sà."

"Jẹ́ kí n rí aṣọ rẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dárúkọ wọn fún un. "Eléyìí ni mo pè ní Òṣùpá Párísì. Eléyìí ni Oòrùn Párísì."

Ó na ìka sí ọ̀kan. "Èyí tó ya lábíyá yìí ńkọ́?"

"Afẹ́fẹ́ Párísì ni, sà."

Ó mi orí. Ọkàn mi balẹ̀, mo ti ń wo àga tí n ó jókòó sí tí mo bá joyè tán. Àfi bó ṣe ní, "Aṣọ rẹ pọ̀ lóòótọ́. Ó wá ku àkísà rẹ."

"Àkísà kẹ̀? Dìsáínà ni mí, sà. N kì í kó àkísà."

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà wí ni? Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra aṣọ lónìí. Àkísà ni kò ṣeé rà. Òun ni yóò sọ ibi tí o ti ń bọ̀ fún wa. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ilé wo ni o ti jáde?"

Mo tún ọrùn kóòtù mi ṣe. "Ìtàn mi ò gùn, sà. Mo sùn ni, mo jí, ọgbọ́n aṣọ ti wà lórí mi."

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹ̀yin náà lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wọlé nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Alága bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń gùn, ó ń gùn, títí tó fi di "mẹ̀ẹ̀ẹ̀". Nígbà tí n ó fi gbójú sókè, ó ti di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, awò sì wà lójú rẹ̀. Mo tẹ orí ba, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Òbúkọ tó bá wà lórí àga alága, alága náà ni.

Ó na ọrùn, ó ki ẹnu bọ Òṣùpá Párísì, ó ń jẹ ẹ́.

"Kò níyọ̀ tó," ló wí. "Ìwọ Gání, ẹni tí kò bá ní àkísà, tútú là ń tú u níbí."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni òwú kan yọ jáde lórí ọmọ ìka ọwọ́ òsì mi. Òwú náà ń fà lọ sílẹ̀, ọmọ ìka mi sì ń tú bí ẹsẹ̀ aṣọ tí wọn ò ká dáadáa. Kò dùn mí. Mo kàn rí i pé òwú pupa ni wọ́n fi hun mí, bẹ́ẹ̀ mo ti máa ń sọ fáwọn oníbàárà pé pupa ò yẹ mí.

Téèpù ló là mí lójú. "Ọ̀gá, ẹ wá nǹkan ṣe o! Tí wọ́n bá tú yín dé ọrùn, ibo lèmi ó máa so mọ́?"

Mo sáré ṣí ilẹ̀kùn. Kíláàsì tí mo ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ni mo bá lẹ́yìn rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni tíṣà, ó ń rú èéfín, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní á, bí, dí.

"Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ṣé ẹ bá mi rí àkísà mi?"

Áyọ́ọ̀nù ní, "Ìsàlẹ̀ là ń tọ́jú àkísà sí. Bi ẹni tó ru wá léèrè."

"Ta ló ru wá?"

"Yọjú lójú fèrèsé."

Mo yọjú. Ojú ọ̀nà àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn ni mo rí nísàlẹ̀, ilé òfì lọ́tùn-ún, ilé òfì lósì, òwú gígùn tí wọ́n ta sílẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Ìyá mi ló ń rìn láàárín wọn. Orí rẹ̀ ni yunifásítì wà.

Mo rọra yọ́ bọ́ sílẹ̀ gba ara ògiri, mo sì ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìró rẹ̀ ti ṣá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ rù?"

"Ilé ìwé rẹ ni."

"Ta ló gbé e rù yín?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Ṣebí ìwọ lo ní iṣẹ́ aṣọ lo fẹ́ kọ́ ní Ìbàdàn. Mo ní ó dáa. Mo gbé e."

"Láti ìgbà náà?"

"Ṣé o rí i tí mo sọ̀ ọ́ ni?"

Kò bínú. Ó ń wí i bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Ẹ jẹ́ kí n dá àlá dúró díẹ̀. Lójú ayé, ìyá mi ló ń pa òwú láró fún bàbá mi, bàbá mi a sì fi í hun aṣọ ẹtù. Léèsì dé, àwọn tó ń ra ẹtù dín kù, lẹ́yìn náà ni bàbá mi kú. Ọdún tí mo wá sí Ìbàdàn, igi ìdáná ni ìyá mi ń rù láti oko wá sílé kí n lè kọ́ṣẹ́. Ẹ wo ojú pátákó mi níta yẹn dáadáa. Ẹ ò ní rí i níbẹ̀.

Ó dáa. Mo wo abẹ́ yunifásítì náà, mo rí aṣọ tí ìyá mi ká fi ṣe òṣùká. Ẹtù ni. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣòkòtò tí mo kọ́kọ́ rán láyé mi ni! Àgékù aṣọ bàbá mi ni mo fi rán an nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì rán ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe àlá o, ó ṣẹlẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá, mo ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ènìyàn ní kí ló dé, mo ní fáṣàn ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí àga òfì. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká a, ó ní, "N ó rí nǹkan fi í ṣe."

Nígbà yìí, òwú ti fà dé ìgbọ̀nwọ́ mi.

"Màámi, ẹ bá mi yọ àkísà yẹn. Wọ́n ń tú mi."

"Tí mo bá yọ ọ́, orí lásán ni n ó fi ru gbogbo ilé yìí?"

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ó dúró, ó wò mí. "Èèyàn kì í dá irú ẹrù yìí sọ̀, Àjàní. Ẹni tí yóò bá mi sọ̀ ọ́ ni mò ń retí láti ọjọ́ yìí."

Ọwọ́ kan ló kù fún mi. Mo ki èjìká bọ abẹ́ ilé náà, téèpù yí i po, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì gbé e kalẹ̀ sáàárín òwú àwọn ahunṣọ. Ìyá mi na ọrùn. Ó ní, "Haà." Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Òbúkọ bá gba ẹnu ọ̀nà jáde, apá Afẹ́fẹ́ Párísì ṣì ń fì lẹ́nu rẹ̀. Ó gba àkísà náà, ó yí inú rẹ̀ síta.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó burú gan-an."

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì dà?"

"Inú àkọ́kọ́ ló wà, sà."

Mo wá rò ó fún un: aró, òfì, igi ìdáná, bí mo ṣe ń ta pọ́n-ún lọ sí Yídì. Bí mo ṣe ń rò ó ni apá mi ń hun padà, pupa fòò. Omi bọ́ lójú òbúkọ. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú táì.

"Ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ti kúrò níbẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n a gbà ọ́ wọlé. Kíláàsì kìíní. Ẹ̀yìn ni kó o jókòó sí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ bi í bóyá wọ́n ń fún ọmọ kíláàsì kìíní lóúnjẹ. Kàkà kó dá mi lóhùn, ṣe ló ki àkísà bọ ẹnu. Ìyá mi fò mọ́ ọn, ó di ìwo rẹ̀ mú, ó pariwo, "Gàníyù! Gàníyù!"

Fóònù ló ń dún. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá mi ló ń pè láti Ìsẹ́yìn.

"Màámi, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí nǹkan lórí yín?"

"Lórí mi báwo? Ṣé orí ìwọ fúnra rẹ pé?"

"Ọrùn yín ńkọ́?"

"Ta ló sọ fún ọ? Nítorí ọrùn yìí náà ni mo ṣe pè ọ́. Ìrọ̀rí tí o rán sí mi lóṣù tó kọjá ni, ó le bí òkúta. Mi ò lè yíjú sọ́tùn-ún, mi ò lè yíjú sósì. Gàníyù, kí lo kó sínú rẹ̀?"

Mo dìde jókòó lórí ibùsùn.

"Àkísà ni, Màámi."