Ajá Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Eegun

Kí Salome tó bọ́jú láràárọ̀, ìkòkò méjì ló ń gbé kaná nílé wọn ní Kabawa, ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀kan jẹ́ ti Jacob ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ lọ́dún 1983, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀. Èkejì jẹ́ ti Tanímọ̀la, ajá Jacob: ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja tí wọ́n ti ṣa gbogbo eegun inú rẹ̀, kò sí ata, kò sí epo.

Kọ́lápọ̀, dókítà ẹranko, ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ajá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lemọ́lemọ́.

"Kì í ṣe aràn, mà. Ìfun rẹ̀ ló ń wú. A ò lè wò ó sàn pátápátá, a kàn lè máa tọ́jú ẹ̀ ni. Ìlàjì hóró oògùn yìí láràárọ̀. Ẹ má dá a dúró lójijì o, ó lè pa á."

Oṣù mẹ́jọ kọjá bẹ́ẹ̀. Modúpẹ́ ọmọ wọn bímọ ní Kàbbà, Salome kò lè lọ wẹ ọmọ. Ta ni yóò bọ́ Jacob? Ta ni yóò ṣọ́ ajá, táwọn alájọgbélé ń ju eegun sí? Wọ́n fi ṣéènì so ajá mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú Salome, òun gan-an ni wọ́n so.

Ọkọ kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni. Ajá ṣeé gbé. Ó fà á lọ sọ́dọ̀ Jímọ́ọ̀, àgbẹ̀ kan, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, lẹ́yìn àdúgbò Felele, tí Salome máa ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òkun o, ìyá," Jímọ́ọ̀ kí i lédè wọn. "Ẹ fi sílẹ̀, á máa bá mi ṣọ́ oko."

Salome sọ ti oúnjẹ fún un. Kò sọ ti oògùn, kí ọkùnrin náà má baà kọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Jacob gbójú kúrò níbi ṣíbí. Ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ń táràrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá orí ajá.

"Bàbá Modúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu."

Ó pa eyín pọ̀.

"Èmi tí mò ń nù yín nídìí, tí mò ń bọ́ yín, ẹ ò wá mi báyìí rí!"

Ohùn ara rẹ̀ já a láyà. Omi ń ṣàn lójú Jacob.

Lọ́jọ́ kẹrin Salome padà sí Felele. Ajá náà wà nílẹ̀ gbalaja lábẹ́ igi, ìdí rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀.

"Ìrẹsì tẹ́ ẹ ní ká fún un náà la fún un," ni Jímọ́ọ̀ wí, ojú ń tì í.

"Ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni mi ò sọ fún yín pé ó ń lo oògùn."

Kẹ̀kẹ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ Kọ́lápọ̀. Ó gún un lábẹ́rẹ́. "Hóró kan gbáko láràárọ̀ báyìí, mà. Tó bá yá, a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Bóyá títí ayé ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ajá jẹun nídìí bẹ́ẹ̀dì ọ̀gá rẹ̀. Jacob náà ti ń yanu. Salome ránṣẹ́ sí Modúpẹ́ pé kó gbé ọmọ wá, ó sì gbé e wá. Ìyá àgbà wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì péré, ìsinmi Modúpẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n ń lọ wọ mọ́tò, Salome sìn wọ́n dé orígun ilé. Kò lè kọjá ibẹ̀. Ẹja ń bẹ lórí iná.