Ọ̀sẹ̀ Tí Ọkọ̀ Dúró

Ní ìlú Wausau, níhà àríwá Amẹ́ríkà tó tutù, bí ènìyàn bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí aráyé ń bi í: níbi oòrùn wo ló máa fẹ̀yìn tì sí, Florida ni àbí Arizona? Wọ́n á bi í ní báńkì, wọ́n á bi í lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, oníṣègùn eyín pàápàá á bi í nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu onítọ̀hún. Marlys Brueske kì í dáhùn. Opó ni, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ó sì ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ohun dídùn wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò sì fẹ́ pín in fẹ́nì kankan.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe ní ìparí oṣù kọkànlá ni àṣírí tú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ardis, fò wá láti Florida bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, oòrùn sì ti sun ún pọ́n bíi tòlótòló tó wà lórí tábìlì. Wọn ò tíì bu ọbẹ̀ sórí pòtétò tí Ardis ti fa àwòrán kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Wò ó," ló wí. "Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi gan-an. Ọkùnrin tó ni ín ti kú, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ tà á kíákíá. Mo ti sọ fún wọn pé àbúrò mi ló máa rà á. Wàá máa wá lò ó nígbà ìsinmi. Tó o bá wá fẹ̀yìn tì, wàá kó wá pátápátá. A ó jọ máa lúwẹ̀ẹ́ láràárọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí ilé tí mo fẹ́ rà."

"Níbo? Arizona?" Ó pe orúkọ náà bí ẹni ń pe orúkọ orogún.

"Erékùṣù Tamarack."

Ardis gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Erékùṣù náà wà lókè réré níhà àríwá, láàárín adágún ńlá Superior. Igba ènìyàn péré ló ń gbé ibẹ̀, omi tó yí wọn ká sì máa ń dì gbagidi láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹrin.

"Marlys, ṣé ẹja ni ẹ́ ni? Gbogbo ayé ń sá fún òtútù, ìwọ ń sá tọ̀ ọ́ lọ. Ẹyẹ tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ rí mọ̀ pé gúúsù ni wọ́n ń lọ."

"Òwìwí kì í lọ."

"Òwìwí kì í lọ, ó sì hàn lójú ẹ̀!"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀nì ń gbé nínú omi ẹ̀yìnkùlé yín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó gbé ajá aládùúgbò yín mì."

"Ajá kékeré ni," Ardis wí, ó sì bu ẹran sẹ́nu.

Kì í ṣe pé orí Marlys dàrú. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń gbé nínú ariwo: irinwó ọmọ tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ìkòkò irin tó ń kọlu ìkòkò irin, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde tó ń hó lókè orí rẹ̀ látàárọ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, òun àti ọkọ rẹ̀ Gene lọ sí Tamarack nígbà òtútù. Wọ́n dúró lórí yìnyín. Ohunkóhun kò dún, àní èémí ara wọn ni wọ́n ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn lábẹ́ yìnyín náà, adágún ké. Ohùn kan ṣoṣo ni, ó gùn, bí ìgbà tí ohun ńlá kan yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun. Gene di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ìgbà tí Gene ti kú, Marlys a máa gbọ́ ohùn náà nínú àlá. Ohùn náà gan-an ló fẹ́ rà. Ilé wulẹ̀ jẹ́ ibi tí yóò jókòó sí láti máa gbọ́ ọ ni.

Ní oṣù kẹwàá, kí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ náà tó dé, ó padà lọ sí erékùṣù náà, ó sì rí pátákó ilé títà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sí iwájú ilé Ottar Nygaard ní etí omi. Ottar jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Ó fi ilé han Marlys, ó sọ iye tó fẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n kọ ìwé.

"Oṣù kẹwàá kì í sọ òótọ́, màdáámú," ló wí. "Oṣù keje ló tún wá nírọ́ jù. Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ dúró. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ilé yìí nígbà yẹn, a ó kọ ìwé lórí tábìlì yìí."

Ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ dúró ni ìgbà tí yìnyín ti nípọn jù fún ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò, tí kò sì tíì nípọn tó kí mọ́tò gba orí rẹ̀ kọjá. Lásìkò náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀, tó jẹ́ ìdajì ọkọ̀ omi, ìdajì páànù tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín, tí abẹ̀bẹ̀ onírin ńlá kan sì ń tì í láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí Ardis gbọ́ èyí, ó ní, "N ó bá ọ lọ."

"Ẹ má ṣe wàhálà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wàhálà kọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa gbé òkú ẹ délé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ jókòó sínú ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní. Marlys gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin níbi iṣẹ́. Ardis yá kóòtù kan tó bo orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ariwo ọkọ̀ náà kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ti ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín, yìnyín là lábẹ́ wọn, ọkọ̀ já sómi gbàlà, ó tún gun yìnyín padà. Ardis, tí kò dé ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún mẹ́wàá, ń ké pe Jésù tọkàntọkàn.

"Afẹ́fẹ́ ń le sí i," awakọ̀ wí nígbà tó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. "Ó di ọ̀túnla kí n tó padà wá."

"Ọ̀túnla?" Ardis wí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ.

Ilé ìdáná Ottar móoru. Igi ń jó nínú ààrò onírin, kófí wà lórí rẹ̀, fèrèsé ńlá kan sì kọjú sí adágún tó funfun lọ títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti gba funfun náà lọ́wọ́ rẹ̀. Marlys dúró síwájú fèrèsé náà. Èyí ni òtútù tó burú jù tí ibẹ̀ ní, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò yẹ̀. Ìwé àdéhùn tí lọ́yà tẹ̀ wà lórí tábìlì. Ottar ṣí kálàmù.

"Ọjọ́ wo lẹ ń kó wá?" ló bèèrè.

Marlys la ẹnu, ṣùgbọ́n Ardis ti ṣáájú rẹ̀. "Kó wá kẹ̀? Ó ṣì ku ọdún mẹ́ta gbáko kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé kejì ló ń rà, bàbá. Ti ìsinmi."

Ottar dé kálàmù padà. "Ilé kejì," ló wí. "Ẹ wo ìta, màdáámú. Ilé mẹ́rìnlélógún ló wà létí omi yìí. Ẹ bá mi ka èyí tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀."

Marlys wò. "Méjì."

"Èmi ni ìkẹta. Gbogbo ìyókù, ilé kejì ni. Wọ́n á dé lóṣù keje, wọ́n á ya fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí Lempi aládùúgbò mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn níjelòó, ta ló mọ̀? Èmi ni, nítorí mo jí mi ò rí èéfín ẹ̀. Mi ò ní ta ilé yìí fún ẹni tó máa tì í pa. Ẹ búra fún mi pé ẹ ó máa gbé ibí láti ìsinsìnyí lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ká ká ìwé kúrò ńlẹ̀."

"Ó tán," Ardis wí, ó sì na ọwọ́ sí kóòtù rẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ọlọ́run ló lò yín."

Ìbínú Marlys bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí wàrà tó fẹ́ hó dànù, nígbà tó sì dé ọ̀fun, kò bò ó mọ́lẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

"Mi ò ní búra," ló wí.

"Màdáámú..."

"Mo ní mi ò ní búra. Ẹ̀gbọ́n mi ti yan ibi tí n ó gbé fún mi. Ẹ̀yin ti yan ìgbà tí n ó dé ibẹ̀ fún mi. Ìkankan nínú yín ò bi mí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń jí láago mẹ́rin ìdájí kí n lè bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tí mo bá fi ọdún mẹ́ta tó kù sílẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì mi á dín kù títí dọjọ́ ikú. Mi ò fi sílẹ̀ fún oòrùn Florida, mi ò sì ní fi sílẹ̀ fún èéfín yín."

"Ó dáa. Ẹ máa lọ nígbà náà."

"Mi ò lọ. Ọkọ̀ dà?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ardis láìmọ̀, ó sì yára fi kófí bò ó.

Marlys fa àga, ó jókòó síwájú ọkùnrin náà. "Ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Níbo lẹ ń lọ?"

Ottar wo ọwọ́ rẹ̀. "Ìlú Duluth. Ọ̀dọ̀ Signe, ọmọ mi. Ó ti ṣètò yàrá kan fún mi lábẹ́ ilé."

"Ṣé fèrèsé wà ńbẹ̀?"

"Ó wà. Kékeré. Táyà mọ́tò ẹ̀ lèèyàn ń rí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ?"

"Signe náà ni. Òrùlé yìí ń jò. Owó orí ilé ń gun òkè lọ́dọọdún nítorí àwọn olóṣù keje. Ara mi le koko, màdáámú, àpò mi ló ń ṣàìsàn."

"Èyí já sí pé tẹ́ ẹ bá lọ lọ́la, èéfín méjì ló kù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ paná ilé yìí, ẹ wá ń fi mí búra!"

Ọkùnrin náà ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde, ó ju igi kan sínú ààrò tí kò nílò igi. Marlys fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò sọ tẹ̀ lé e títí ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀.

"Ẹ ta ilé fún mi, kẹ́ ẹ má sì kó lọ. N ó tún òrùlé ṣe, owó orí di tèmi. Ẹ̀yin ẹ máa dáná sí ààrò. Ní gbogbo ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ẹ ó rí mi, yàrá òkè sì ni n ó máa sùn."

"Kí n wá máa háyà ilé tí bàbá mi kọ́?"

"Ta ló pe háyà? Sẹ́ǹtì kan mi ò ní gbà. Èéfín ni kẹ́ ẹ máa fún mi."

"Marlys!" Ardis pariwo. "Ìwọ fẹ́ ra ilé, o tún fẹ́ ra bàbá arúgbó mọ́ ọn?"

"Ta ni arúgbó?" Ottar wí. "Ìyá Florida, ẹ ṣọ́ra."

"Ìyá ta ni?"

Ottar ti kọ ẹ̀yìn sí i. "Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ńkọ́?" ló bi Marlys.

"Tá a bá ṣì wà láyé nígbà yẹn, ká jà á."

Ibẹ̀ ni fóònù ara ògiri ti dún. Ottar wò ó, kò mira. "Signe nìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ardis, tí kò lè fara da fóònù tí kò sẹ́ni tó gbé e, gbé e.

"Rárá, kì í ṣe bàbá yín. Ẹ̀gbọ́n ẹni tó fẹ́ ra ilé ni... Ọmọ mi, ṣé ẹ ti jókòó? Bàbá yín ò bọ̀ mọ́ o. Àbúrò mi ti kó wèrè ràn án... Bẹ́ẹ̀ ni! Ohun témi náà sọ nìyẹn!... Fèrèsé wà ńbẹ̀, ṣebí ó wà ńbẹ̀?... Ẹ gbọ́ tèmi. Mo ti ní ilé nílẹ̀ fún àbúrò mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pẹ̀lú òdòdó..."

Ohùn obìnrin kejì ń kùn láti inú fóònù bí oyin nínú ìgò. Ardis fa okùn fóònù lọ sí igun, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Àwọn méjèèjì tó mọ ibi tó yẹ kí gbogbo ènìyàn gbé ti rí ara wọn, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ottar jókòó. Ó fa ìwé sọ́dọ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìyára, ó wá tì í sí iwájú Marlys. Marlys kà á: pé Ottar Nygaard yóò máa gbé inú ilé, yóò sì máa dáná sí ààrò, fún ọdún mẹ́ta, pé Marlys Brueske yóò tún òrùlé ṣe kí ìgbà ooru tó parí, pé Marlys Brueske ni yóò máa se oúnjẹ nígbàkigbà tó bá wá.

Marlys gba kálàmù. Ó fa ìlà sórí èyí tó kẹ́yìn, ìlà tó nípọn, ó tún fa òmíràn lé e.

"Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni mo lè fọwọ́ sí," ló wí, "àmọ́ mi ò wá síbí láti dáná oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni."

Ottar wo ìlà méjèèjì. Ó wo obìnrin náà. Ó kọ orúkọ rẹ̀, Marlys sì kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ní igun, Ardis fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Signe ń béèrè ohun tẹ́ ẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ sọ fún un pé ebi ń pa wá," Marlys wí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ìdí ààrò.

Ottar dìde, ó wá ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó pòtétò.