Monílọ́lá Kò Fọṣọ Ní Ìdajì Owó Mọ́

Báńà pupa ni wọ́n so sókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àgbàfọ̀ Monílọ́lá ní Ore, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sí gáréèjì lè rí i: ÌDAJÌ OWÓ! ÌDAJÌ OWÓ! Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Monílọ́lá gun àga, ó sì fà á ya. Kò tú okùn, kò wá ọ̀bẹ. Ó fà á ya báyìí ni, ó ká a, ó fi bo àpò èédú tí wọ́n ń kó sínú áyọ́ọ̀nù.

Ṣàkírát, obìnrin tó ti ń bá a lọ aṣọ láti ọdún mẹ́rin, dúró ti ìkòkò sítáàṣì, ó lanu sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà! Gàzálì ńkọ́?"

"Kí Gàzálì lọ jókòó jẹ́ẹ́! Pè é, sọ fún un kó wá wo ohun tí mo fi báńà rẹ̀ ṣe."

Ẹ má tíì dá Monílọ́lá lẹ́bi o, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oṣù méjì sẹ́yìn ni Gàzálì yìí wọlé wá, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, aṣojú ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń ta kúpọ́ọ̀nù lórí fóònù. Bó ṣe rí nìyí: ẹni tó bá fẹ́ fọṣọ á ra kúpọ́ọ̀nù ní ìdajì iye tí Monílọ́lá ń gbà, á gbé aṣọ wá, Monílọ́lá á fọ̀ ọ́. Nínú ìdajì yẹn náà, ilé iṣẹ́ Gàzálì á tún mú ìdajì. "Ẹ má wo ìyẹn, màmá," ni Gàzálì wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa san ìdajì. Tí wọ́n bá ti rí bí ẹ ṣe ń fọṣọ, wọ́n ti di tiyín nìyẹn." Ọjà sì kú nígbà náà. Owó oṣù àwọn tísà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti pẹ́, kálukú ń fọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Monílọ́lá tọwọ́ bọ̀wé.

Háà! Wọ́n dé lóòótọ́. Wọ́n ti Oǹdó wá, wọ́n ti Òkìtìpupa wá. Ẹni tí kò fọ kọ́tìnnì ilé rẹ̀ láti ìgbà tó ti kó débẹ̀ gbé e dé. Obìnrin kan gbé búláńkẹ́ẹ̀tì tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì wá, ó ní aṣọ kan ni. Wọ́n kó aṣọ wọn lọ, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó padà wá san owó pípé. Àwọn tó tiẹ̀ yọjú, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Màmá, ṣé kúpọ́ọ̀nù míì ti jáde?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọṣẹ kò di ìdajì, èédú kò di ìdajì, apá Ṣàkírát tó ń wú nírọ̀lẹ́ kò sì wú ní ìdajì.

Gbogbo èyí ni Monílọ́lá ń rí, tó ń pa á mọ́ra. Ọ̀rọ̀ Bàbá Benson ni kò lè pa mọ́ra.

Àgbẹ̀ oníkòkó ní Odigbo ni Bàbá Benson, àgbà ìjọ sì ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé aṣọ fún Monílọ́lá ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì ní ilẹ̀kùn gidi. Nítorí tirẹ̀ ni ìdílé mẹ́rìnlá nínú ìjọ rẹ̀ ṣe ń kó aṣọ wá sí Ore. Ibi tí Bàbá bá yà sí ni wọ́n máa yà sí, Monílọ́lá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fẹ́ sítáàṣì tó ń fi ẹ̀gẹ́ sè láràárọ̀: ti àwọn tísà, fẹ́ẹ́rẹ́, ti Bàbá Benson, kó le gan-an, kó máa dún tó bá jókòó. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Bàbá gbé agbádá funfun rẹ̀ wá, nítorí òun ni alága ìkórè ìjọ wọn ní ọjọ́ Ìsinmi.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n ó wá gbé e o."

"Ẹ ti rí i gbà, sà."

Ó sì wà nínú àdéhùn Gàzálì pé aṣọ oníkúpọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọjọ́ kan. Tí kò bá jáde, Monílọ́lá á san owó ìtanràn. Bí aṣọ wọn ṣe ń wọlé ni wọ́n ń ti agbádá Bàbá sẹ́yìn. Nígbà tó di Àbámẹ́ta, èrò kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́, Monílọ́lá ti ń pín nọ́mbà fún wọn. Ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀. Monílọ́lá kò gbójú sókè kúrò lára áyọ́ọ̀nù, ó kàn na páálí nọ́mbà sí i: "Ẹ gbà, ẹ lọ dúró lẹ́yìn, a máa pè yín."

Bàbá Benson ni. Ó gun ọ̀kadà wá láti Odigbo, eruku ọ̀nà ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì mú nọ́mbà méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́wọ́. Agbádá rẹ̀ ṣì wà nínú omi ọṣẹ. Bàbá kò pariwo, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó wo àwọn tó wà níwájú rẹ̀, kò mọ ẹnì kan nínú wọn. Ó gbé páálí náà sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, oníbàárà kan nínú ìjọ náà fi fọ́tò ìkórè ránṣẹ́ sí Monílọ́lá lórí Wasáàpù. Bàbá Benson ló jókòó lórí àga alága yẹn, nínú agbádá àyálò tí kò bo orúnkún rẹ̀. Omi bọ́ lójú Monílọ́lá. Ojú tì í, inú sì bí i, sí ara rẹ̀ ná, kó tó wá bí i sí Gàzálì. "Èmi!" ló ń wí. "Èmi Monílọ́lá, mo na nọ́mbà sí Bàbá Benson!" Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó gun àga.

Gàzálì dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ó rí báńà rẹ̀ lórí àpò èédú, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Màmá, àdéhùn wà nílẹ̀ o! Ó ku èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti sanwó."

"Màá fọ tiwọn, torí wọn kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn oníbàárà mi ni wọ́n máa tò sí. Ìtanràn tí ẹ bá fẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́. O ò sì gbọdọ̀ ta ẹyọ kan sí i lórúkọ mi."

"Àwọn tó ra kúpọ́ọ̀nù á fún yín ní ìràwọ̀ kan péré lórí fóònù, máàkì tó kéré jù. Ẹni tó bá ń wá alágbàfọ̀ ní Ore kò ní rí yín."

"Ẹni tó mọ̀ mí kì í fi fóònù wá mi! Aṣọ ni mò ń fọ̀, Gàzálì, èmi kì í ṣe òṣèré."

Gàzálì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì kan wà ní ọ̀nà Òkìtìpupa tó ń ṣe kúpọ́ọ̀nù yìí, tí inú ọ̀gá ibẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní yàrá tó ṣófo tẹ́lẹ̀ ti ń rí èèyàn sùn sí.

"Mo gbà," ni Monílọ́lá wí. "Bóyá ó pé òtẹ́ẹ̀lì. Kì í rẹ yàrá. Ó ń rẹ èmi. Tí mo bá gba àlejò kan, ọwọ́ tí mo fi gbà á ni mo mú kúrò lára aṣọ ẹlòmíì. Ó dàbọ̀."

Nígbà tí Gàzálì lọ tán, Monílọ́lá fúnra rẹ̀ ló fi omi mímọ́ ṣan agbádá Bàbá. Ó ki í bọ sítáàṣì tó ki dáadáa, ó sá a, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi lè dá dúró lórí ilẹ̀. Ó wá gun ọ̀kadà lọ sí Odigbo.

Bàbá Benson ń da kòkó síwá sẹ́yìn lórí ẹní níwájú ilé. Monílọ́lá kúnlẹ̀ sórí eruku, ó gbé agbádá náà lé ọwọ́ méjèèjì.

"Ìkórè ti kọjá," ni Bàbá wí. Kò wo agbádá náà.

"Mo mọ̀, sà. Mo ṣẹ̀ yín. Mo wá tọrọ àforíjì ni, mi ò ní àwáwí kankan."

Bàbá da kòkó díẹ̀ sí i. "Èló lo fi ń fọ ti àwọn tó wà níwájú mi yẹn?"

"Ìdajì, sà."

"Tèmi ńkọ́?"

"Odindi, sà."

"Ọdún mẹ́sàn-án!" Bàbá dìde dúró. "O gba odindi lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́sàn-án, o wá fún ẹni tí o kò mọ bàbá rẹ̀ ní ìdajì, o sì tún gbé e síwájú mi! Ó dáa. Láti òní lọ, ìdajì ni èmi náà máa san. Bí o kò bá gbà, mo mọ ibi tí alágbàfọ̀ kejì wà ní Ore."

 Monílọ́lá ronú kan ìdílé mẹ́rìnlá inú ìjọ Bàbá. Ohun tó rọrùn jù lọ láyé ni kó ní, "Mo gbà, sà." Ó gbé agbádá náà sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó sì dá ọwọ́ méjèèjì padà sí itan rẹ̀.

"Èyí tí mo gbé wá yìí, mi ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ìdajì tí mo fún wọn, àṣìṣe ni, sà, mi ò sì ní fi òmíràn tún un ṣe. Bí mo bá gba ìdajì lọ́wọ́ yín, lọ́jọ́ kan màá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sítáàṣì yín, ẹ ò sì ní mọ̀. Iye tí mò ń gbà náà ni màá máa gbà. Ẹ bínú sí mi, sà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní dín in."

 Bàbá fi èdè Ìkálẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣe é tún sọ níwájú ọmọdé, ó sì wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Monílọ́lá kò dìde lórí ìkúnlẹ̀, orúnkún ń ro ó, kòkó ń rùn sí i nímú. Nígbà tí Bàbá jáde, ẹrù ńlá kan ló gbé dání: aṣọ oko tó ti dúdú fún oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìró ìyàwó rẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀dṣíìtì. Ó jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Odindi owó?"

"Odindi, sà."

"Ó wọ́n o."

"Ó wọ́n, sà."

"Kó ẹrù náà lọ fọ̀."