Ọdún Tí Ìyá Páìpù Ń Gbé

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni Ìyá Páìpù máa ń dé ibi iṣẹ́, nítorí nǹkan kan wà tó máa ń ṣe tí kò fẹ́ kí ojú kankan rí. Kì í ṣe olè. Kì í ṣe ìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́, bí ewé mì, àyà rẹ̀ á já.

Ilé iṣẹ́ omi ni. Ìwé àwọn páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: èyí tó gba abẹ́ òpópó wo, ọjọ́ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti lè tì í pa. Bí páìpù bá bẹ́, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ á pè é lórí fóònù. Wọn kì í bi í pé ṣé ó jí dáadáa. "Ìyá Páìpù, ibo ló wà?" Ó sọ fún wọn, ó parí.

Ètò orí kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe é ti gbó. Ẹni tó kọ ọ́ kò rò pé yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdún tó kà mọ kọjá, ètò náà yarí, kò gba ọjọ́ kankan wọlé mọ́. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n kí ó tó fẹ̀yìn tì: "Láràárọ̀, dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ Ajé á ṣì bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní ètò náà ti kú, wọ́n á ní kí ìwọ náà máa lọ."

Ìwé tó kà kò jìnnà. Níbo ló fẹ́ lọ? Ó pa ẹnu mọ́.

Láràárọ̀, á tẹ ọjọ́ náà, á sì wọ ọdún yẹn lọ. Ní ọdún yẹn, bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Àwọn ọmọ ń jà lórí àga kan ṣoṣo. Àbíkẹ́yìn ń rákò. Nísinsìnyí, àwo kan ló ń fọ̀ nílé, àti ṣíbí kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹnjiníà, obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ńlá ilé iṣẹ́ náà, wá jókòó tì í.

"Mà, a fẹ́ kó ètò yín kúrò níbi tó wà. Inú ẹ̀rọ ńlá kan náà ni gbogbo wa wà, àmọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà ló mọ odi yí ètò tiyín ká, ó dá ilé gbé. Ẹ̀rọ nínú ẹ̀rọ. Ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, òrùlé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó dáa o, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àyè bí erin. Kọ̀ntẹ́nà la fẹ́ kó o sí. Ìyẹn dà bíi yàrá nínú ilé: ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kan náà ni gbogbo ilé jọ ń lò."

Ìbéèrè dé ètè Ìyá Páìpù: aago ńkọ́? Ó gbé e mì bí oògùn kíkorò.

"Ó dáa, ọmọ mi."

"Nígbà tí mo ń dán an wò, mo tiẹ̀ ti fún ètò yín ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé," Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Ó ń ké ṣáá pé òun ò ráàyè ṣe tinú òun. Ọmọ tuntun ò sunkún tó o."

Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n kó o. Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Páìpù jókòó, ó tẹ ọjọ́ àtijọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ètò náà ṣí. Ó mí kanlẹ̀.

Aago mẹ́jọ lù, ariwo sọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Gbogbo òṣìṣẹ́ dúró síta, níwájú irin ayípo tó ń gba ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé. Wọ́n ń fi káàdì kàn án, irin ò yí.

"Ẹ wo ohun tó kọ síbí!" ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń pariwo. "'Ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò tíì pé.' Èmi tí mo ti ń ṣọ́ ibí láti ọdún mẹ́tàdínlógún! Ṣé wọn ò tíì bí mi ni?"

"Wọ́n ti bí ọ," ẹnì kan dá a lóhùn, "wọn ò kàn tíì tọ́ ọ ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣọ́ rí Ìyá Páìpù nínú. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín kàn án ká wò ó."

Ó fi káàdì kàn án. Irin yí gbirigbiri.

"Háà! Àṣé Ìyá Páìpù nìkan ló níṣẹ́ lọ́wọ́ níbí!"

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹlòmíràn tó lo méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìgbà yẹn ló yé e. Aago tó dá padà kì í ṣe ti yàrá rẹ̀. Ti gbogbo ilé ni.

Ọ̀gá àgbà kò bá wọn ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹnjiníà! Ìwọ lo kó ẹrù lópin ọ̀sẹ̀, ìwọ lo bà á jẹ́. Máa lọ sílé. Bí a bá fẹ́ rí ọ, a ó pè ọ́."

Ìyá Páìpù sáré padà sókè. Ọ̀nà àárín ilé dá páropáro. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó jókòó, ó tẹ ọjọ́ òní. Nísàlẹ̀, irin yí, wọ́n hó yèè. Ó tán. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé.

Ó wo ojú fèrèsé. Gbogbo wọn ń rọ́ wọlé, àfi ẹnì kan. Ẹnjiníà ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ sójú títì, ó rọra ń rìn bí ẹni tí kò sí ẹni tó máa bi í nílé pé kí ló dé. Ìyá Páìpù mọ ìrìn yẹn. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn relé nírọ̀lẹ́ nìyẹn.

Kò mọ ìgbà tó dé ìsàlẹ̀.

"Ẹnjiníà! Dúró! Èmi ni!" Gbogbo ojú yí sí i. "Èmi ni mo dá aago padà. Láràárọ̀ ni mo ń dá a padà, ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án. Mi... mi ò mọ̀ pé ti gbogbo yín ni."

Ọ̀gá àgbà wò ó títí. "Ẹ̀yin, Ìyá Páìpù?"

"Sà, kọ́kọ́rọ́ tí mo fún ètò wọn ló pọ̀ jù," Ẹnjiníà sọ, ó ti padà dé. "Yàrá kì í ní aago tirẹ̀, èyí tó wà lára ògiri ilé ni gbogbo wa jọ ń wò. Mi ò bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí n dá ètò náà padà sí ilé tirẹ̀."

Ọ̀gá kanra mọ́ àwọn méjèèjì, ó ní kí wọ́n kọ ẹjọ́ wọn sílẹ̀. "Ètò tuntun gbọ́dọ̀ dé kí ọdún tó parí. Tó bá dé, a ó wá mọ ohun tí a ó ṣe, Ìyá."

Ìyá Páìpù mú bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀.

Lọ́sàn-án, Ẹnjiníà tún mọ odi náà padà. Ìyá Páìpù jókòó, ó tẹ ọjọ́ rẹ̀, òun nìkan, nínú ilé tirẹ̀. Ó gbọ́ tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń bá iṣẹ́ lọ. Irin kò dúró.

Ẹnjiníà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mà, ní ọdún tí ẹ wà lọ́hùn-ún yẹn, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lónìí?"

Ìyá Páìpù kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń gbọ́.

"Ọ̀la ni àbíkẹ́yìn mi máa kọ́kọ́ rìn," ló sọ. "Bàbá rẹ̀ á pè mí kí n wá wò ó. Màá máa fọ àwo lọ́wọ́. Àwo pọ̀."